Ìlà Pupa Aago Méjì Òru

Dókítà Ọláwúyì ní kí n bá òun mú olè.
"Dátà tá a rà lọ́jọ́ Ajé, ó ti gbẹ lỌ́jọ́rú.
Àwòrán ìgbáàyà aláìsàn ò dé Ìbàdàn,
ó ń yí lójú kọ̀ǹpútà bí òkòtó.
Kọ orúkọ olúwarẹ̀ wá."

Òkè-Sùnà nìyí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kirun Ìṣáì tán.
Mo tan ẹ̀rọ tí ń sọ́ ọ̀nà dátà,
mo ní kó ka gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá.
Ó fa ìlà kan fún mi, gbọọrọ,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí odò Àsà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀:
òdo. Òdo. Òdo.
Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì mẹ́ta ń wo fíìmù lábẹ́ tábìlì!

Mo pa á, mo tún un tàn.
Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo tún un fi sí i.
Mo bú u. Mo bú ẹni tó ṣe é.
Aago mọ́kànlá ti kọjá kí n tó rí i
pé ilẹ̀kùn tí kò tọ́ ni mo kọ etí rẹ̀ sí:
ihò waya kẹta,
ibi tí aláǹtakùn ti ń dá gbé látọjọ́ tí a ti kọ́lé.
Ẹ̀rọ ò purọ́.
Èmi ni mo gbé e jókòó síta
tí mo ní kó ròyìn ohun tí wọ́n ń jẹ ní yàrá.

Mo gbé etí náà sí ihò kìíní.
Ha! Ìlà ta kìjí,
nọ́ńbà ń tú jáde bí ìjàlọ tí a tu ilé rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti rí Sẹ́fíyátù, nọ́ọ̀sì alẹ́.
Fóònù rẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Aago méjìlá àbọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá,
ó lọ sí Jídà, ó padà.
Àná bẹ́ẹ̀. Ìjẹta bẹ́ẹ̀.
Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ lọ, mo rí bó ti wúwo tó,
mi ò gbọ́ ohun tó sọ, kò sì yẹ kí n gbọ́.
Ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ó ń fọ ilé onílé.
Orúkọ ni wọ́n ní kí n kọ wá.
Mo ti mú bírò.

Aago méjì lù.
Ìlà pupa kan dìde, ó ga bí òkè Sóbì,
kò sì sọ̀kalẹ̀.
Nọ́ńbà méje. Ta ni nọ́ńbà méje?
Mo fi tọ́ọ̀ṣì tọ waya lẹ́yìn,
ó gba òkè àjà, ó gba ẹ̀yìn yàrá oògùn,
ó wọ ibi tí a ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ sí.
Kọ̀ǹpútà dúdú kan ló wà nísàlẹ̀, eruku bò ó,
iná tíńtín kan ń ṣẹ́jú.

Ti Jààfárù ni, ẹni tó wà níṣẹ́ yìí kí n tó dé.
Ẹ̀rọ asọ́nà tirẹ̀ ṣì ń ka ẹsẹ̀,
ó ń di gbogbo rẹ̀ lẹ́rù ní aago méjì,
ó ń fi ránṣẹ́ sí àpótí lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀.
Àpótí ti kún. Ẹrù ń padà. Ó ń tún un rán.
Ààwẹ̀ tó kọjá la sin Jààfárù.

Ọlọ́dẹ ló ń jẹ oko, kò sì mọ̀.

Mo ṣí ìwé tó ń kọ, mo wo orúkọ tó fún kálukú.
Ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó kọ ọ́ síbẹ̀:
*Ìyá Ràhímátù. Ẹ fi í sílẹ̀.*

Ó pẹ́ kí n tó fa waya náà yọ.

Kí tíì dókítà tó tutù láàárọ̀, àwòrán ti dé Ìbàdàn.
Mo fún un ní bébà tí mo kọ orúkọ sí.
"Jààfárù wa?"
Mo ní, "Jààfárù wa."
Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.